Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́: Ẹni Tó Sọ Ilé Àlejò Di Gbàgede Ọ̀rọ̀ Àgbáyé

Àwa tí a ń gbé ẹ̀yìn odi mọ̀ pé ẹni tí kò ní ilé nílẹ̀ onílẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í pẹ́ pa. Ẹni tó mọ èyí, tó sì wá nǹkan ṣe sí i, ni a fẹ́ rántí lónìí: agbẹjọ́rò Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní àwọn ọdún 1880. Ó kàwé ní Fourah Bay ní Sàró, ó ṣe tíṣà níbẹ̀, kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ní 1924, nígbà tí àwọn òyìnbó ń ṣe àfihàn ńlá ní Wembley, ìwé ìròyìn kan kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ènìyàn wa. Ṣólàńkẹ́ fi lẹ́tà fèsì, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ọmọ Sàró kó akẹ́kọ̀ọ́ 21 jọ, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU.

Ilé ni ìṣòro tó ga jù. Ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù, bí wọ́n bá ti rí aláwọ̀ dúdú lẹ́nu ọ̀nà, wọn á ní kò sí yàrá mọ́. Láti 1929 sí 1932 ni Ṣólàńkẹ́ fi ń káàkiri ilẹ̀ wa, tó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba, ìjòyè àti ọmọ ìlú. Nígbà tó di 1933, ilé náà ṣí ní Camden Road. Òun ni alábòójútó. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ló ń se oúnjẹ ilé wa fún àlejò. Ìjọba òyìnbó ṣí ilé tiwọn, Aggrey House, ní 1934, ṣùgbọ́n Ṣólàńkẹ́ ta kò ó, nítorí ẹni tó bá ni ilé ló ni ohùn inú rẹ̀.

Kì í ṣe ibùsùn nìkan ni ilé WASU. Wọn a pe àwọn aṣòfin, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wa wá síbẹ̀ láti sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bi wọ́n ní ìbéèrè lójú gbogbo ayé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Churchill àti Roosevelt kéde pé gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ìjọba tó wù wọ́n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Clement Attlee, tó wà nínú ìjọba Churchill, dé ọ̀dọ̀ WASU, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé ọ̀rọ̀ náà kan aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án, Churchill sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé Yúróòpù tí Hitler gbà ni àwọn ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ti Attlee ti balẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1942, WASU kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n fún wa ní ìjọba ara-ẹni kíákíá, kí òmìnira pátápátá sì dé láàárín ọdún 5 lẹ́yìn ogun. Ìjọba kò gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti di ti gbangba. Lẹ́yìn ogun, Kwame Nkrumah jẹ́ igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà.

Kò rọrùn fún Ṣólàńkẹ́ títí dópin. Iṣẹ́ òfin tó kọ́ kò sọ ọ́ di olówó. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ tí èrò wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀ gba àkóso ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, ọdún 2 péré kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kò gbọdọ̀ mọ sórí owó oṣù, òkú sísin àti aṣọ ẹbí nìkan. Ẹ jẹ́ kí a máa pe àwọn tó ń ṣàkóso ibi tí a ń gbé wá, kí a fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n ní ohun tó kàn wá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ohùn wa máa dún. Àmín.