Màmá Ladi Kwali: Ọ̀dọ̀ Áńtí Wọn Nílé Ni Iṣẹ́ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ máa ń wọkọ̀ láti Àbújá lọ sílé nígbà ọdún, ẹ mọ Kwali. Tí mọ́tò bá ti kọjá Gwagwalada, kó tó dé Abaji, ibẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wa kì í sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ àfi tí táyà bá jò. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ìlú yẹn ló wà lẹ́yìn ogún náírà láti ọdún 2007 tí wọ́n ti sọ owó náà di ọlọ́ràá. Ẹ yí i padà kí ẹ wò ó, ẹ ó rí obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò. Àwa ọlọ́jà tí a ti ń fi owó yẹn ṣe ṣéńjì tipẹ́, ẹni mélòó nínú wa ló mọ orúkọ wọn? Ladi Kwali ni. Orúkọ wọn náà ni wọ́n fi pe gbọ̀ngàn ńlá inú òtẹ́ẹ̀lì tí gbogbo wa mọ̀ sí Sheraton ní Wuse Zone 4.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ màmá yìí wá ni pé nígbàkigbà tí ilé-ìwé bá ti lọ fún ìsinmi, àwọn òbí a máa béèrè lọ́wọ́ wa ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ ọnà, àti iye tí wọ́n ń gbà. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n inú ilé ni màmá yìí ti kọ́ tiwọn.

Nǹkan bí ọdún 1925 ni wọ́n bí wọn sí Kwali. Ladi ni àwọn Hausa ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Sunday, bí àwa náà ṣe ń pe tiwa ní Bọ́sẹ̀. Ọmọ Gbagyi ni wọ́n, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwárì, tí obìnrin wọn máa ń gbé ẹrù lé èjìká dípò orí. Àwọn wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó sọ ọ́ di olú-ìlú. Ó yẹ ká mọ ẹni tí a bá nílé.

Nílẹ̀ Gbagyi, obìnrin ló ń mọ ìkòkò. Ọ̀dọ̀ áńtí wọn ni Ladi kékeré ti kọ́ ọ. Kò sí bébà níbẹ̀, kò sí bírò. Wíwò ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀: ọmọdé á máa wo ọwọ́ àgbà títí ọwọ́ tirẹ̀ náà á fi mọ̀ ọ́n. Amọ̀ kì í gba jàgídíjàgan. Tó bá rọ̀ jù, á wó; tó bá gbẹ jù, á sán. Ẹnu ò lè ṣàlàyé èyí tán, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò rí i rí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yí. Wọ́n á kọ́kọ́ mọ ìdí ìkòkò, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ yí amọ̀ gígùn bí okùn, wọ́n á máa tò ó lé ara wọn. Ìkòkò ò ní kúrò lójú kan, ẹni tó ń mọ ọ́n ni yóò máa rìn yí i ká títí tí yóò fi ga dé ibi tó yẹ. Wọ́n á ha á kó dán. Ibi tí ọnà wà ló kàn: wọ́n á fi igi tí wọ́n ti fín yí gbirigbiri lára amọ̀ tútù kí àpá rẹ̀ lè hàn, wọ́n á sì fi ohun ẹnu ṣóńṣó fín ìyókù. Aláǹgbá, àkekèé, ọ̀nì, ejò, ẹyẹ àti ẹja ni Ladi ń fín sí tiwọn lára. Ẹ wo àwọn nǹkan yẹn dáadáa. Ohun tí ọmọdé ń rí ní àyíká ilé àti létí odò ni. Tó bá gbẹ, wọ́n á kó igi àti koríko gbígbẹ lé e, wọ́n á sun ún ní gbangba. Àwọn ará ilé wọn sọ pé ìkòkò wọn máa ń tà tán kí wọ́n tó gbé e dé ọjà. Kí oníṣòwò ẹgbẹ́ wa sọ, ṣé iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn?

Nǹkan yìí ò ṣàjèjì sí wa o. Ní Ìpetumodù àti ní ẹbu Ìlọrin, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ àmù àti ìṣàasùn. Àwa tí a wá sí Àbújá la fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ tó bá fi ẹrẹ̀ mọ mọ́tò ní ẹ̀yìnkùlé ní Nyanya tàbí Kubwa, igbe la ó fi lé e pé ó ti ba aṣọ jẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì a ó wá lọ sanwó fún ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ amọ̀ aláwọ̀ mèremère inú ike. A ò sọ pé owó yẹn ṣòfò, ṣùgbọ́n ó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀míà Àbújá, Suleiman Barau, ra lára ìkòkò Ladi sí ààfin rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́jú: Àbújá ìgbà yẹn kì í ṣe Garki, Suleja ni. Ìlú yẹn ló ń jẹ́ Àbújá kí wọ́n tó gba orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1976. Nínú ààfin yẹn ni òyìnbó kan, Michael Cardew, ti rí ìkòkò náà. Amọ̀kòkò ni òun náà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà fún iṣẹ́ ìjọba, ó sì ṣí ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sí ìlú náà lọ́dún 1952.

Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ wọn ní ẹ̀rọ tó ń yí, ní ìlú tó jẹ́ pé obìnrin ló ti ń mọ ìkòkò látayébáyé. Ọdún 1954 ni Ladi wọlé, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n wọn ò fi ọ̀nà áńtí wọn sílẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń mọ àwọn ìkòkò ńlá náà, wọ́n ṣì ń fín aláǹgbá wọn. Ohun tó yí padà ni iná àti ohun tí wọ́n ń rẹ ìkòkò sí tó fi ń dán bíi gíláàsì. Inú ààrò ńlá ni wọ́n ti ń sun ún, ooru ibẹ̀ ju 1,200 lọ ní òṣùwọ̀n Celsius. Ìkòkò tó dán bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí omi yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, nítorí náà kì í mú omi tutù bí àmù ilé. Ó ti di ohun tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ fún wíwò. Ẹni tó fẹ́ mu omi tútù, ti abúlé ló dára jù fún un.

Láti ibẹ̀ ni òkìkí ti kàn. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Berkeley Galleries ní London lọ́dún 1958, 1959 àti 1962. Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá wọn lọ́lá. Lọ́dún 1972, àwọn àti Cardew pẹ̀lú Kofi Athey, amọ̀kòkò ọmọ Ghana, rin ìrìn àjò káàkiri Amẹ́ríkà láti fi iṣẹ́ han àwọn ènìyàn. Ẹ fojú inú wò ó: màmá tí kò lọ sí ilé-ìwé kankan, wọ́n ń rìn yí ìkòkò ká bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Kwali, àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó jókòó, wọ́n ń wò wọ́n.

A ò torí èyí sọ pé kí ọmọ má lọ sílé-ìwé o. Tí Ladi bá mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, bóyá ẹnu àwọn fúnra wọn la ò bá ti máa ka ìtàn wọn, dípò ti òyìnbó.

Nígbà tó yá, yunifásítì wá wọn wá. Ahmadu Bello ní Zaria fún wọn ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá lọ́dún 1977, wọ́n sì tún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ọdún 1980 ni ìjọba àpapọ̀ fún wọn ní ẹ̀bùn NNMA, ọdún 1981 sì ni oyè OON. Àwọn obìnrin mìíràn náà tẹ̀ lé wọn wọ ilé ìkòkò Suleja: Halima Audu, Asibi Ido, Kande Ushafa. Àwọn náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1984 ni Màmá Ladi Kwali jáde láyé ní Minna, nǹkan bí ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pe ilé ìkòkò Suleja, tí kò jìnnà sí Zuba rárá.