Charles H. Wesley

Charles Harris Wesley (ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 1891 – ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ, ọdún 1987) jẹ́ onímọ̀ ìtàn, oníwàásù àti alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni Ààrẹ Àpapọ̀ kẹrìnlá fún Alpha Phi Alpha, ẹgbẹ́ arákùnrin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní ọdún 1906. Láti ìparí ọdún 1931 títí di 1940 ni ó fi wà lórí oyè náà, kò sì sí ààrẹ mìíràn tí ó pẹ́ tó o níbẹ̀. Kí ó tó di ààrẹ ni ó ti kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà sínú ìwé, èyí tí ó jáde ní 1929. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣàkóso ara rẹ̀ kò lè ṣàì ka ìtàn ìgbésí ayé Wesley.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni a bí Wesley sí. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Fisk ní 1911, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ó kọjá sí Yale, níbi tí ó ti gba oyè kejì ní 1913, lẹ́yìn náà ni ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Howard ní Washington. Ní 1915 ó gbé Louise Johnson níyàwó. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Ó tún di òjíṣẹ́ nínú ìjọ African Methodist Episcopal, èyí tí a mọ̀ sí AME, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìjọ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1925, Yunifásítì Harvard fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìtàn. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Harvard ṣáájú rẹ̀ kò tó ìka ọwọ́ kan.

Ìwé rẹ̀ tí ó sọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà jáde ní 1927. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi àkọsílẹ̀ tako àwọn tí ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó nílò òye. Bí Wesley ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: kì í pariwo, ìwé àkọsílẹ̀ ni ó máa ń tú.

Ẹgbẹ́ tí ó bá nílẹ̀

Ní ọdún 1905, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́fà tí wọ́n ti wà ní Cornell, ní ìlú Ithaca, kò lè padà wá parí ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn tí ó kù mọ ohun tí ó ń lé ẹgbẹ́ wọn lọ. Wọn kò gba aláwọ̀ dúdú sínú àwọn ẹgbẹ́ arákùnrin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun dá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí ibùgbé, alábàákẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí yóò gbà á nímọ̀ràn. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ agbáwo nínú ilé àwọn ẹgbẹ́ náà láti rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san. Wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú àwọn tí kò jẹ́ gbà wọ́n lẹ́gbẹ́, wọ́n sì ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣètò ara wọn.

Ẹgbẹ́ ìkàwé ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, Charles Cardoza Poindexter ni ó sì ń darí rẹ̀. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀. Apá kan fẹ́ kí ó mọ sí ẹgbẹ́ ìkàwé lásán. Apá kejì fẹ́ ẹgbẹ́ tí ó ní ìbúra, orúkọ ní èdè Gíríìkì àti àjọṣe tí kì í tán lọ́jọ́ tí a bá gba ìwé ẹ̀rí. Apá kejì ni ó borí ní ọjọ́ 4, oṣù Kejìlá, ọdún 1906. Poindexter kò bá wọn lọ. Àwọn olùdásílẹ̀ méje tí ẹgbẹ́ náà ń bọlá fún ni Henry Arthur Callis, Charles Henry Chapman, Eugene Kinckle Jones, George Biddle Kelley, Nathaniel Allison Murray, Robert Harold Ogle àti Vertner Woodson Tandy.

Iye yìí gan-an kò ṣàì fa ìjiyàn. Ó di 1952 kí orúkọ Jones tó fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn méje náà. Ìwé Wesley wúlò nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ju bí a ṣe lè rò lọ. Nínú ẹgbẹ́ tí ipò ọlá wà fún ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, ẹni tí ó bá di àkọsílẹ̀ ìpàdé mú ni ó ń di ẹ̀rí mú.

Ìṣètò àti ìṣàkóso

Ẹ̀ka ni ìpìlẹ̀ Alpha Phi Alpha. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń yan ààrẹ, akọ̀wé àti akápò tirẹ̀. Ẹ̀ka kejì bẹ̀rẹ̀ ní Howard ní oṣù Kejìlá ọdún 1907, ibẹ̀ náà ni Ìpàdé Àpapọ̀ àkọ́kọ́ sì ti wáyé lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n fi Moses Alvin Morrison jẹ ààrẹ. Láti ìgbà náà, Ìpàdé Àpapọ̀ ni àṣẹ tí ó ga jù nínú ẹgbẹ́. Àwọn aṣojú láti ẹ̀ka gbogbo ni ó ń péjọ síbẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń ṣòfin, tí wọ́n ń yẹ owó wò, tí wọ́n sì ń gbọ́ ẹjọ́. Bí ìpàdé bá ti tú, ìgbìmọ̀ olùdarí ni yóò máa bójú tó ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ títí ìpàdé mìíràn yóò fi dé, Ààrẹ Àpapọ̀ ni ó sì ń ṣe olórí ìgbìmọ̀ náà.

Oríṣi ẹ̀ka méjì ni ó wà. Èkíní jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èkejì jẹ́ ti àwọn tí ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́. Louisville, ìlú Wesley, ni ẹ̀ka àkọ́kọ́ ti àwọn tí ó ti jáde ti bẹ̀rẹ̀ ní 1911. Lẹ́tà Gíríìkì ni a fi ń sọ ẹ̀ka lórúkọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Orúkọ ẹ̀ka ti àwọn tí ó ti jáde sì máa ń parí sí Lambda. Lẹ́tà ìkẹyìn, Omega, nìkan ni a kò fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Àwọn òkú ni ó ni ín. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, a ó ní ó ti lọ sí ẹ̀ka Omega, kò sì ní kúrò nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́.

Ibi tí ọ̀ràn ti le ni bí oríṣi ẹ̀ka méjèèjì yóò ṣe pín agbára. Ọwọ́ àwọn tí ó ti jáde ni owó wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ẹgbẹ́ wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àgbà bá gba gbogbo àṣẹ, ẹgbẹ́ yóò di ẹgbẹ́ onípò. Bí ọmọdé bá gbà á, ẹni tí ó ń darí yóò máa yí padà ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin bí kíláàsì ṣe ń jáde. Lóde òní, ẹgbẹ́ náà ní ẹkùn márùn-ún ní Amẹ́ríkà. Igbákejì ààrẹ tí ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń darí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ní àyè nínú ìgbìmọ̀ olùdarí.

Kò yẹ kí a da irú ẹgbẹ́ yìí pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ó ń da àwọn yunifásítì Nàìjíríà láàmú. Òtítọ́ ni pé Alpha Phi Alpha ní àwọn ètò ìgbàwọlé tí kò hàn sí ará ìta, ṣùgbọ́n a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, àwọn olóyè rẹ̀ kò fara pamọ́, ó sì ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, The Sphinx, láti 1914. Síbẹ̀, irú àwọn ẹgbẹ́ báwọ̀nyí kò mọ́ pátápátá. Ìfìyàjẹ àwọn tí ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ di wàhálà ńlá láàárín wọn, débi pé ní 1990 àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú fẹnu kò láti fòpin sí àkókò ìdánwò gígùn tí ìyà náà ti ń wáyé.

Ọdún London

Ní 1930, Wesley gba owó ìwádìí Guggenheim, ó sì lọ sí London láti wádìí bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso. Ladipọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Yorùbá, ti wà ní ìlú náà ṣáájú, ó sì ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní 1925. Ní oṣù Kẹta ọdún 1931, dókítà Harold Moody, ọmọ Jàmáíkà, pe ìpàdé kan tí ó bí ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples, Wesley sì wà lára àwọn tí ó tì í lẹ́yìn. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ó ti di ààrẹ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Àkókò tí ó fi jẹ́ ààrẹ

Ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 ni Wesley bá lórí oyè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san kò lè rí owó ẹgbẹ́ san. Ìgbà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ béèrè ohun tí ó wúlò fún. Ìdáhùn tí Wesley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé kí ẹgbẹ́ náà jáde kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Onímọ̀ ìtàn Rayford Logan ni ó darí ètò ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́, lábẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nípa ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, tí wọ́n sì ń rọ̀ wọ́n láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò.

Ẹjọ́ Donald Gaines Murray tún jáde lákòókò yìí. Murray ti gba oyè ní Amherst, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti Yunifásítì Maryland kò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Alpha Phi Alpha wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀ràn náà dìde. Charles Hamilton Houston àti Thurgood Marshall, ọmọ ẹgbẹ́ náà ni àwọn méjèèjì, ni wọ́n ṣe agbẹjọ́rò. Ilé-ẹjọ́ dá Murray láre ní 1935, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sì fọwọ́ sí ìdájọ́ yìí ní 1936.

Ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé òfin

Ẹjọ́ yẹn fi ẹgbẹ́ náà sí ipò tí kò rọrùn. Ó ń bá Maryland jà nítorí pé wọ́n fi àwọ̀ ènìyàn dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin tirẹ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tí ó bá jẹ́ Negro ni ó lè wọlé. A lè gbèjà àwọn tí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a tì mọ́ta ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ dáàbò bo ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, àwọn funfun lè wọlé, kí wọ́n sì gba àṣẹ. Bí wọ́n bá tì í, kò ní sí ìyàtọ̀ láàárín òfin wọn àti òfin tí ó lé wọn sẹ́yìn ní Cornell.

Ní 1940, ọdún ìkẹyìn Wesley lórí oyè, gbogbo aṣojú fẹnu kò láti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Láti ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin èyíkéyìí tí ó bá kún ojú ìwọ̀n ni ó lè béèrè ààyè. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe aláwọ̀ dúdú ti wọ ẹgbẹ́. Ìbẹ̀rù pé ẹgbẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín kò ṣẹ. Aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ títí dòní. Ìwé ìtàn tí Wesley kọ náà yí padà: ọ̀rọ̀ Negro wà nínú àkọlé rẹ̀ ní 1929, ṣùgbọ́n kò sí i mọ́ nínú àwọn àtẹ̀jáde tí ó dé lẹ́yìn. Logan ni ó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Wilberforce àti Central State

Ní 1942, Wesley di ààrẹ Yunifásítì Wilberforce ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìjọ AME ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n láti 1887 ni ìjọba Ohio ti ń náwó lé apá kan rẹ̀, apá náà sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ méjì ni ó wà lórí ààrẹ kan, kò sì sí ìpàdé kankan tí ó ga ju àwọn méjèèjì lọ tí yóò parí ìjà wọn. Ọkùnrin tí ó ti ṣàkóso ẹgbẹ́ tí òfin rẹ̀ hàn kedere wá bára rẹ̀ láàárín ọ̀gá méjì.

Ní 1947, ìgbìmọ̀ ti ìjọ yọ Wesley nípò. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni pé apá tí ìjọba ń náwó lé yà kúrò, Wesley sì di ààrẹ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni a wá mọ̀ sí Central State. Ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ṣì wà nítòsí ara wọn títí dòní. Ó dun Wesley, ẹni tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró sí Central State títí di 1965.

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀

Ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn tí Carter G. Woodson dá sílẹ̀, lẹ́yìn tí Woodson kú. Ní 1965 ó padà sí Washington láti máa ṣe olùdarí ẹgbẹ́ náà títí di 1972. Kò yé kọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ fúnra wọn: ó kọ ti ẹgbẹ́ Elks ní 1955, ó kọ ti àwọn Mason tí ń tẹ̀ lé Prince Hall, ó sì kọ ìgbésí ayé Henry Arthur Callis ní 1977. Ní 1984, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ìtàn àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú jáde láti ọwọ́ rẹ̀.

Louise, ìyàwó rẹ̀, kú ní 1973. Ní 1979 ó fẹ́ Dorothy Porter, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú jọ sí ilé-ìkàwé Howard. Wesley kú ní Washington ní oṣù Kẹjọ ọdún 1987, ẹni ọdún 95 sì ni.