Jonathan Swift: Àlùfáà Tí Ó Fi Ìtàn Wàásù

Ìlú Dublin ni wọ́n ti bí Jonathan Swift, ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 1667. Bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó rán an lọ sí ilé-ìwé ní Kilkenny. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ó wọ Trinity College ní Dublin. Lẹ́yìn náà, ó lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1695, ó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ireland.

Ní ọdún 1704, ó tẹ ìwé kan jáde, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Nínú ìwé náà, bàbá kan ní ọmọkùnrin mẹ́ta: Peter, Martin àti Jack. Kí bàbá náà tó kú, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀wù kan. Ó kọ ìwé ìhágún sílẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún ẹ̀wù náà, wọn kò sì gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò. Ṣùgbọ́n oge wọ̀ wọ́n lójú. Wọ́n ń túmọ̀ ìwé bàbá wọn bí ó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì ń rán ọ̀ṣọ́ mọ́ ẹ̀wù. Nígbà tí ó yá, Martin àti Jack kúrò lọ́dọ̀ Peter. Martin rọra tú ọ̀ṣọ́ kúrò lára ẹ̀wù tirẹ̀, kí aṣọ má bàa ya. Jack fi ìbínú fa tirẹ̀, ó sì fà á ya.

Ẹ̀wù náà ni ẹ̀sìn Kristi; ìwé ìhágún ni Bíbélì. Peter dúró fún Ìjọ Àgùdà, Martin fún ìjọ Áńgílíkà, Jack fún àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin. Ìjọ Swift fúnra rẹ̀ ni ó yege jù. Kò yani lẹ́nu: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Síbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Lójú wọn, ó ń fi ohun mímọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìwé yìí ni kò jẹ́ kí Swift di bíṣọ́ọ̀bù láéláé. Ní ọdún 1713, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn àlùfáà ní Kàtídírà St Patrick ní Dublin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkàn rẹ̀ wà. Dublin dà bí ìgbèkùn lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dublin ni ó ti di akọni. Ní ọdún 1724, ó kọ lẹ́tà bí ẹni pé òǹtàjà aṣọ ni ó kọ ọ́. Ó ní kí àwọn ará Ireland má ṣe gba owó bàbà tí ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan fẹ́ rọ fún wọn. Ìjọba ní àwọn yóò fún ẹni tí ó bá dárúkọ òǹkọ̀wé náà ní 300 pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò tú u fó. Ní ọdún 1725, wọ́n fagi lé owó náà.

Ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù, ìrìn-àjò Gulliver, jáde ní ọdún 1726. Níbẹ̀, àwọn ènìyàn kéékèèké ń bá ara wọn jagun nítorí ibi tí ó yẹ kí a ti fọ́ ẹyin. Àwọn òǹkàwé mọ̀ pé ìjà ẹ̀sìn ni ó ń bá wí.

Swift máa ń yá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò rí jájẹ lówó láìgba èlé. Ó kú ní ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 1745. Ó fi nǹkan bí 12,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ láti kọ́ ilé-ìwòsàn fún àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1757, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Dublin títí di òní. Inú kàtídírà rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní ìlú tí kò fẹ́ gbé tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni bàbá náà kọ sínú ìwé ìhágún rẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí Martin ṣe àti ohun tí Jack ṣe?
3. Ǹjẹ́ ó dára kí àlùfáà fi ẹ̀fẹ̀ kọ́ni ní ẹ̀sìn? Sọ èrò rẹ.