Ẹni Da Eérú Ni Eérú Ń Tọ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Rachel Carson

Bí ìgbà ìrúwé bá ti dé ní Maryland níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń sanwó fún àwọn tó ń fín oògùn sí koríko iwájú ilé. Wọ́n á fín in tán, wọ́n á ri àsíá kékeré mọ́lẹ̀ pé kí ọmọdé àti ajá má ṣe tẹ ibẹ̀. Èmi náà ti sanwó bẹ́ẹ̀ rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo bá ọmọ mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko náà, tí àsíá ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àyà mi já. Mo bi ara mi léèrè pé kí ni mo ń fi owó mi rà gan-an? Ìbéèrè yìí ló mú mi lọ ka ìtàn obìnrin kan tó gbé ní Silver Spring, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni Rachel Carson.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Wọ́n bí Rachel Louise Carson ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1907 ní Springdale, ìlú kékeré kan létí odò Allegheny ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilẹ̀. Maria ìyá rẹ̀ a máa mú un rìn kiri inú igbó àti ọgbà láti kọ́ ọ ní orúkọ ẹyẹ, kòkòrò àti òdòdó. Ọmọ ọdún 11 ni ní 1918 nígbà tí ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé kan gbé ìtàn tó kọ jáde.

Ní 1925 ó wọ Pennsylvania College for Women pẹ̀lú èrò pé òǹkọ̀wé lòun yóò dà. Olùkọ́ rẹ̀ kan, Mary Scott Skinker, ló jẹ́ kí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí, ó sì yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà. Ó jáde ní 1929, ó sì gba oyè kejì ní Johns Hopkins ní Baltimore ní 1932. Ó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n owó kò jẹ́. Ní 1935 bàbá rẹ̀ kú. Ní 1937 ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà kú, ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Rachel àti ìyá rẹ̀ ló wò wọ́n dàgbà. Àwa tí à ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù mọ bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe ń wúwo.

Iṣẹ́ tó rí ni iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹja. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà lórí rédíò ló kọ́kọ́ ń kọ fún wọn. Ní 1936 wọ́n gbà á síṣẹ́ pátápátá. Ìwé rẹ̀ nípa òkun, The Sea Around Us, jáde ní 1951, ó sì tà débi pé ó lè fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1952 kí ó máa fi ìwé kíkọ jẹun. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní 1957, ó gba Roger, ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún tí olóògbé náà fi sílẹ̀, ṣe ọmọ.

Lẹ́tà kan láti Duxbury

Láti 1945 ni Rachel ti fẹ́ kọ̀wé nípa DDT, oògùn apakòkòrò tí gbogbo ayé ń yìn nígbà náà, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn tó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ kò gbà á. Ní oṣù kìíní ọdún 1958, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Olga Owens Huckins, kọ lẹ́tà sí i láti Duxbury ní Massachusetts. Ọkọ̀ òfuurufú ti fín DDT sí àdúgbò wọn láti pa ẹ̀fọn, àwọn ẹyẹ sì ń kú nínú ọgbà rẹ̀.

Ní Long Island nítòsí New York, Marjorie Spock àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dáko láìlo oògùn kankan, torí pé ara ọ̀rẹ́ náà kò gba oúnjẹ tí a fín oògùn sí. Ní 1957 ọkọ̀ òfuurufú ìjọba fín DDT sórí oko wọn. Àwọn àti aládùúgbò wọn lọ sílé ẹjọ́, wọn kò sì jàre. Ṣùgbọ́n Spock kó ìwé ẹ̀rí tó ti kó jọ ránṣẹ́ sí Rachel. Ẹni tó da eérú kò bi aládùúgbò bóyá ó fẹ́ eérú. Ìyẹn gan-an ló ká Rachel lára.

Igi, koríko àti igi òdòdó

Ọdún mẹ́rin ni Rachel fi ṣe ìwádìí kó tó tẹ Silent Spring jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó kọ ṣẹlẹ̀ ní àyíká ilé bíi ti tiwa yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú igi. Igi elm tó ń ṣíji bo òpópónà ń kú nítorí àrùn kan tí kòkòrò ń gbé kiri lábẹ́ èèpo. Ní 1954 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín DDT sí àwọn igi náà ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan. Ewé wọ́wọ́, ekòló jẹ ewé, oògùn sì dúró sínú ekòló. Nígbà tí ẹyẹ robin dé ní ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ ekòló, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n sì ń kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n George Wallace ló ń ka òkú wọn. Rachel ṣàlàyé pé ekòló ńlá 11 péré lè gbé oògùn tó lè pa ẹyẹ kan. Níbi tí wọ́n ti ń tètè gé igi tó ṣàìsàn, tí wọ́n sì ń sun ún kí kòkòrò tó pọ̀ sí i nínú rẹ̀, bí wọ́n ti ṣe ní New York, igi tó là ju ti ibi tí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé oògùn.

Ní ti koríko, ó kọ nípa èpò tí wọ́n ń pè ní crabgrass, tí àwọn èèyàn ń da májèlé lé lórí lọ́dọọdún. Àlàyé rẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì létí mi: èpò yẹn kì í ṣe àìsàn, àmì àìsàn ni. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ló ń gbà á láàyè. Tún ilẹ̀ ṣe, koríko rere yóò ki, èpò kò ní rí oòrùn. Ó tún kọ nípa bakitéríà kan tí wọ́n fi ń bá ìdin Japanese beetle jà nínú ilẹ̀ láìpa ẹ̀dá mìíràn lára. Ìwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣiṣẹ́ bákan náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó fi hàn tọ́.

Ní ti igi òdòdó, ó sọ nípa ọgbà ìtura kan ní Holland tí aràn tín-ín-tín ń jẹ gbòǹgbò igi rósì rẹ̀. Dípò kí wọ́n fín oògùn, wọ́n gbin òdòdó marigold sáàárín àwọn rósì náà. Ohun tó ń jáde lára gbòǹgbò marigold ń pa aràn náà, rósì sì yè.

Àìsàn tó fi pamọ́

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1960, nígbà tí ìwé náà kò tíì parí, wọ́n gé ọyàn rẹ̀ kan. Ó bi dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà bóyá jẹjẹrẹ ni, dókítà kò sì sọ òtítọ́ fún un. Oṣù Kejìlá ló tó mọ̀, nígbà tí ó lọ bá dókítà mìíràn. Bí wọ́n ti máa ń ṣe sí àwọn obìnrin láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe tijú láti béèrè ohun tí dókítà rí lára yín, kí ẹ sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Rachel kò jẹ́ kí aráyé mọ̀, kí àwọn ọ̀tá má bàa sọ pé ìbínú àìsàn ló fi kọ̀wé. Àwọn tó ń ta oògùn dìde sí i. Àwọn kan ní kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, àwọn mìíràn ní obìnrin tí kò lọ́kọ ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963 àwọn onímọ̀ tó ń gba Ààrẹ Kennedy nímọ̀ràn fi ìwé jáde tó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹfà ó jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin àgbà, ó fi irun àtọwọ́dá bo orí, ìrora ń bẹ lára rẹ̀. Ó kú ní Silver Spring ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1964, ní ẹni ọdún 56.

Ohun tó fi sílẹ̀

Ní 1970 ìjọba Amẹ́ríkà dá àjọ EPA sílẹ̀ láti dáàbò bo àyíká. Ní 1972 àjọ náà fòfin de èyí tó pọ̀ jù nínú ìlò DDT ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan ń sọ pé obìnrin yìí ló fa ikú àwọn ọmọ wa tí ibà pa nílẹ̀ Áfíríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé kí a má lo oògùn rárá. Ó kìlọ̀ pé bí a bá ń fín in káàkiri, ẹ̀fọn yóò dẹni tí oògùn kò ràn mọ́. Òfin àgbáyé ṣì gba DDT láàyè fún ìgbógunti ẹ̀fọn. Àwa tí a dàgbà nítòsí oko kòkó rántí Gamalin 20, ìbátan DDT, àti ẹja tí àwọn kan fi ń pa lódò. A mọ̀ pé ohun tí a dà sí ibì kan kì í dúró síbẹ̀.

Ní Montgomery County, níbi tó kú sí, ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin ní 2015 láti dín májèlé orí koríko ilé kù. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní 2019 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi òfin náà múlẹ̀.

Ní ilé tèmi, mo ti dá oògùn náà dúró. A kì í fún aláìsàn ní oògùn láìṣe àyẹ̀wò, nítorí náà mo ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ mi wò kí n tó fi ohunkóhun sí i. Mo ń jẹ́ kí koríko ga tó ínǹsì mẹ́ta sí mẹ́rin, mo ń fi èyí tí mo gé sílẹ̀ kó jẹrà, mo sì ń fọ́n irúgbìn tuntun ní oṣù Kẹsàn-án. Mo ń fi èèpo igi gígé bo ìdí igi ní ínǹsì méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó kan ara igi, kí ìdí rẹ̀ má bàa rà. Ewé tó bá wọ́ ni mo fi ń ṣe ajílẹ̀. Èpò ṣì wà díẹ̀díẹ̀, aládùúgbò mi a sì máa wò ó. Ṣùgbọ́n àsíá kò sí lórí koríko mi mọ́, ẹyẹ robin sì ń wá ekòló níbẹ̀ láràárọ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ tu àwa àti àwọn ọmọ wa lára. Ire o.