Kwame Nkrumah àti Àtúntò Àárín Ìlú Accra

Bí a bá dárúkọ Kwame Nkrumah, òmìnira ilẹ̀ Gánà àti ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn ọkùnrin náà tí a kì í sábà mẹ́nu bà, èyíinì ni bí ó ti fẹ́ tún olú ìlú rẹ̀ kọ́, àti ohun tí iṣẹ́ náà mú bá àwọn tí ń gbé, tí wọ́n sì ń tajà, ní àárín gbùngbùn Accra. Apá yìí ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí pé kò sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kàn.

A bí Nkrumah ní ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1909, ní Nkroful, abúlé kan ní ilẹ̀ àwọn Nzema, ní igun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Nyaniba, a sì máa ṣòwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn ìwé tí ó kà ní Half Assini, ó lọ sí Accra láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó sì parí ní Achimota ní ọdún 1930. Ní Accra yìí kan náà ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Nnamdi Azikiwe, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn African Morning Post. Ní ọdún 1935, Nkrumah bá ọ̀nà Azikiwe lọ sí Yunifásítì Lincoln ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́wàá ni ó lò níbẹ̀, tí ó ń kàwé, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ alágbàṣe kí ó tó lè jẹun. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, ó bá wọn ṣètò ìpàdé ńlá àwọn ọmọ Áfíríkà tí a ṣe ní Manchester ní ọdún náà, ó sì padà sílé ní oṣù kejìlá ọdún 1947.

Kí ni ó bá nílé? Accra jẹ́ ìlú àwọn Ga, ó sì ti dàgbà yí àwọn odi òyìnbó ká létí òkun. James Town àti Ussher Town ni ọkàn ìlú náà. Níbẹ̀, ilé ìgbé àti ilé ọjà kò pínyà rí. Àwọn oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń tajà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ìdílé wọn sì ń gbé lókè. Àwọn tálákà ń gbé inú agboolé, obìnrin ilé sì ń pàtẹ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Bí Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí ní ayé àtijọ́ nìyí gan-an. Ṣùgbọ́n ilé ti há mọ́ra wọn jù. Nígbà tí àrùn eku wọ ìlú ní ọdún 1908, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n sì la àdúgbò tuntun sí Korle Gonno. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti ọdún 1939 tún wó òmíràn. Síbẹ̀ èrò ń wọlé lójoojúmọ́: iye ènìyàn tí ó ju 130,000 lọ díẹ̀ ní ọdún 1948 ti ju 330,000 lọ ní ọdún 1960.

Ọ̀wọ́n ọjà àti àìrílé gbé pọ̀ di ìbínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1948, ìjòyè Ga kan, Nii Kwabena Bonne, kó àwọn ènìyàn jọ pé kí wọ́n má ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó mọ́ títí wọn yóò fi dín owó wọn. Ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, tí ìdáwọ́dúró náà parí, àwọn ọmọ ogun tí ó ti jà fún Gẹ̀ẹ́sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ bá Gómìnà. Ọlọ́pàá yìnbọn, mẹ́ta nínú wọn sì kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ṣọ́ọ̀bù UAC àti ti àwọn mìíràn ti ń jóná ní àárín ìlú. Ènìyàn 29 ni ó kú nínú rògbòdìyàn náà káàkiri ilẹ̀, 237 sì fara pa. Ìjọba mú Nkrumah pẹ̀lú àwọn aṣáájú márùn-ún mìíràn, wọ́n sì fi wọ́n sí àtìmọ́lé. Kí a rántí pé ibi tí ènìyàn ń ràjà tí ó sì ń gbé ni iná òmìnira ti kọ́kọ́ ràn.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1949, ní gbangba ìlú Accra, Nkrumah dá ẹgbẹ́ CPP sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò kàwé púpọ̀, àwọn awakọ̀ àti àwọn obìnrin ọjà ni ó gbá yìí i ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 ó pe ìdaṣẹ́sílẹ̀, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n ní James Fort, odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà láàárín James Town gan-an. Inú ẹ̀wọ̀n yìí ni ó wà nígbà tí a dìbò ní oṣù kejì ọdún 1951. Ẹkùn Àárín Gbùngbùn Accra ni ó dù, ó sì gba ìbò 22,780 nínú 23,122. Wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì di olórí iṣẹ́ ìjọba. Ó di Olórí Ìjọba ní tààrà ní ọdún 1952. Nítorí náà, àwọn ará agboolé àti àwọn onípàtẹ àárín ìlú ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ara wọn lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ni ó kọ́kọ́ dojú kọ ìjọba rẹ̀. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Schokbeton ti ilẹ̀ Họ́láǹdì ṣe àdéhùn láti fi kọnkéré tí a ti dà sílẹ̀ kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́. Ilé náà lágbára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Àwọn ọ̀mọ̀ràn mẹ́ta tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán wá, Charles Abrams, Vladimir Bodiansky àti Otto Koenigsberger, gba ìjọba níyànjú pé kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba jẹ́ kí ará ìlú fúnra rẹ̀ mọ ògiri, kí a wá yá a lówó òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìmọ̀ràn náà bá ìṣe àwọn ènìyàn mu, ìjọba sì gbà á.

Ní Tema, ní ìlà-oòrùn Accra, Nkrumah rí ààyè láti kọ́ ìlú tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èbúté. Wọ́n ti gba ilẹ̀ náà láti ọdún 1952. Doxiadis, ayàwòrán ìlú ti ilẹ̀ Gíríìsì, pín in sí àdúgbò àdúgbò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé ìgbé, ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù àti ọjà tirẹ̀, kí ìyálé má baà rìn jìnnà kí ó tó ra ata. Èbúté náà ṣí ní ọdún 1962. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja tí ó ni abúlé Tema kò fẹ́ fi ojúbọ àti ibojì àwọn bàbá wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bá ìjọba fà á kí a tó kó wọn lọ sí Tema Manhean.

Òmìnira dé ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1957. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn Ga dá ẹgbẹ́ Ga Shifimo Kpee sílẹ̀ ní Accra. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé ìjọba gba ilẹ̀ wọn, àjèjì sì ń gba ilé tí ìjọba kọ́, nígbà tí ọmọ onílẹ̀ ń sùn lọ́nà mẹ́fà nínú yàrá kan. A kò lè sọ pé ẹjọ́ náà kò ní ìdí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkórìíra àlejò wà nínú rẹ̀. Dípò kí ìjọba fi ilé dá wọn lóhùn, òfin ni ó fi dá wọn lóhùn. Ní ìparí ọdún 1957 a fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèlú tí a bá gbé ka ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Ní ọdún 1958 a ṣe òfin tí ó fún ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìsí ìgbẹ́jọ́. Àwọn aṣáájú Ga Shifimo Kpee sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó sínú pańpẹ́ òfin náà. Ọkùnrin tí àwọn ará Accra dìbò fún nínú ẹ̀wọ̀n ni ó wá ń ti àwọn ará Accra mọ́lé.

Ní ọdún 1958 kan náà ni ìjọba tẹ àwòrán ìlú Accra tuntun jáde, tí Trevallion àti Hood yà, èyí tí ó tún àwòrán tí Maxwell Fry àti Jane Drew ti yà sílẹ̀ gbé yẹ̀wò. Ilé ńláńlá dìde. Gbàgede Black Star, tí ó lè gba 30,000 ènìyàn, parí ní ọdún 1961. Ní ọdún 1965 wọ́n sáré kọ́ ilé alájà méjìlá tí a ń pè ní Job 600 fún ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí owó kòkó ti já wálẹ̀, tí gbèsè sì ti wọ ìjọba lọ́rùn. Àwọn ilé wọ̀nyí fi iyì fún ènìyàn dúdú, a kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n James Town àti Ussher Town, tí ó wà ní ìtòsí wọn, ṣì há bí ó ti há. Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti ọdún 1955 ni LEDB ti ń wó àárín Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ń kó ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì pàdánù oníbàárà wọn, nítorí pé ilé wọn àti ọjà wọn ti jìnnà síra.

Ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 1966, nígbà tí Nkrumah wà lẹ́nu ìrìn àjò sí Hanoi, àwọn ológun gba ìjọba. Ìdùnnú sọ ní ìgboro Accra. Wọ́n wó ère rẹ̀ lulẹ̀. Sékou Touré gbà á sí Gíní, níbi tí ó gbé títí àìsàn jẹjẹrẹ fi mú un lọ sí Ròmáníà. Ó kú ní Bucharest ní ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, ọdún 1972.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí, tí wọ́n ti fi ogójì ọdún pàtẹ níbẹ̀, fi ìsọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, àwọn ológun wó ọjà Makola Kìíní, tí ó ti wà láti ọdún 1924, wọ́n ní àwọn obìnrin ibẹ̀ ni ó mú ọjà wọ́n. Ibi tí ó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ní ọdún 1992 ni wọ́n gbé òkú Nkrumah wá sí Accra láti Nkroful, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí pápá tí ó ti kéde òmìnira, ní àárín ìlú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ọjà àti ilé ni ìlú. Bí a bá tún ọ̀kan ṣe tí a sì gbàgbé èkejì, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí àwọn alákòóso ìlú wa bá tún fẹ́ gbé àwòrán tuntun kalẹ̀ fún Èkó tàbí Ìbàdàn, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ìyá tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà léèrè ibi tí yóò sùn, àti ibi tí yóò pàtẹ sí bí ilẹ̀ bá mọ́.