Florence Nightingale: Nọ́ọ̀sì tó rí i pé ebi lè pa aláìsàn nígbà tí oúnjẹ wà nílẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Florence Nightingale sí obìnrin tó ń gbé àtùpà kiri lóru láti bẹ àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ wò. Àmọ́ iṣẹ́ mìíràn wà tó jà fún, tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ: bí aláìsàn ṣe máa rí oúnjẹ tó lè jẹ.

Ta ni Florence Nightingale?

Ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 1820 ni wọ́n bí i ní ìlú Florence, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fún un. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí jájẹ ni àwọn òbí rẹ̀. Wọn ò fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ náà kò níyì láàrin àwọn olówó ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ta kú.

Kí ló bá ní Scutari?

Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1854, lásìkò ogun Crimea, òun àti obìnrin 38 dé ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari, ní Tọ́kì. Ìkòkò ńlá ni wọ́n ti ń se ẹran gbogbo èèyàn pọ̀. Egungun ni àwọn kan máa ń rí gbà, ti àwọn mìíràn kò ní jinná. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò lè jẹ irú rẹ̀.

Nightingale ṣètò ilé ìdáná ọ̀tọ̀ fún oúnjẹ tó rọ̀ àti omi ẹran. Ní 1855, gbajúmọ̀ alásè láti Faransé, Alexis Soyer, dé síbẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ ogun ní oúnjẹ sísè, ó sì ní kí wọ́n yé da omi ẹran nù.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń fa ikú níbẹ̀. Ìdọ̀tí àti gọ́tà tó dí náà ń pa wọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n tún un ṣe.

Ìmọ̀ràn wo ló fi sílẹ̀?

Lẹ́yìn tó ti ogun dé, àìsàn dá òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìwé rẹ̀, Notes on Nursing, tó jáde ní 1859, orí méjì ló fi sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó ṣàlàyé pé ebi ń pa ọ̀pọ̀ aláìsàn torí pé kò sẹ́ni tó kíyè sí ìgbà tí wọ́n lè jẹun.

Ẹni tí ibà ti gbẹ lẹ́nu mọ́jú kò lè jẹ oúnjẹ líle láàárọ̀, àmọ́ ó lè mu ohun olómi díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí.

Kí oúnjẹ inú abọ́ má pọ̀ ju èyí tó lè jẹ lọ. Bí kò bá jẹ ẹ́, kí wọ́n gbé e kúrò, kí wọ́n má fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di ìgbà oúnjẹ mìíràn. Kí wọ́n má da tíì sínú àwo abẹ́ ife, kó má baà kán sí i lára. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó bá ń jẹun lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn yìí kan àwọn ẹbí tó ń gbé kúlà oúnjẹ lọ sí wọ́ọ̀dù lónìí pẹ̀lú.

Báwo ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe dé Ìbàdàn?

Ní 1860, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ti kẹ́kọ̀ọ́ láwọn ọdún 1940, kó tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ métírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn.

Nightingale kú ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, ọdún 1910. Ẹni 90 ọdún ni.