Ìgbésí Ayé Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀, Ọ̀gá Àwọn Agbẹ́gilére

Nínú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún bí irú èyí, ìtàn àwọn àlùfáà àti àwọn àgbà ìjọ ni a sábà máa ń kọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti sí ilé Ọlọ́run tí a kọ́ láìsí iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́-ọnà, a rò pé ó tọ́ kí a sọ ti ọkùnrin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ààfin ọba ni ó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àwa ará Ọ̀yọ́, tí a dàgbà láàrin àwọn afíngbá, mọ iyì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí Ọlọ́wẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó fi ṣe ilé. Ó ṣe ìránṣẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, níbẹ̀ ni ẹ̀bùn rẹ̀ sì ti hàn, tí àwọn ọba mìíràn fi ń ránṣẹ́ pè é. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ̀rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà ni a ti rí Ògògà lórí ìtẹ́, tí ó ń gba àlejò òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn ènìyàn gbé wá. Àwọn ère náà yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé wọn yóò sọ̀kalẹ̀ kúrò lára igi.

Ní ọdún 1924, a gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley, ní Lọ́ńdọ́nù. Nígbà tí àwọn alábòójútó British Museum rí i, ọkàn wọn fà sí i. Ògògà kò gbà láti tà á. Ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò rẹ̀. Èyí tí ó lọ kò padà mọ́.

A kò fẹ́ dá ọba náà lẹ́bi. Sólómọ́nì pàápàá ránṣẹ́ sí Tírè pe Hírámù láti wá ṣe iṣẹ́ idẹ tẹ́ḿpìlì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwá ohun rere lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ó dùn wá ni pé ẹni tí ó ti òkèèrè wá ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ iye ohun tí ó wà nílé wa.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1998, a pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́gbọ́n. Kí á tó ránṣẹ́ sí òkè òkun fún ohun ọ̀ṣọ́ ilé Ọlọ́run, kí á kọ́kọ́ wo àárín wa. Orúkọ ẹni tí ó kan pẹpẹ, tí ó mọ ògiri, àti iye tí a san fún un, kí á kọ wọ́n sínú ìwé ìjọ, kí àwọn tí yóò ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn má baà wá wọn tì.